Fíríìjì Tí Kì Í Dún

Fíríìjì àkọ́kọ́ tí a lò nílé ọkọ mi ní Fìdítì kì í jẹ́ kí ènìyàn gbàgbé òun. Bí iná bá dé, yóò kọ́kọ́ jì gììrì, àwọn abọ́ orí rẹ̀ yóò gbọ̀n, lẹ́yìn náà yóò máa kùn títí iná yóò fi tún lọ. Mo lè wà lẹ́yìnkùlé nídìí aṣọ fífọ̀ kí n sì sọ bóyá ó ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá, a máa sọ láti orí ẹní wọn pé, "Ìyàwó, ẹ̀rọ yín ti panu mọ́," èmi náà a sì mọ̀ pé wọ́n ti mú iná lọ. Etí ni a fi ń ṣọ́ ọ. A kò mọ̀ nígbà náà pé ìṣọ́ ni à ń ṣe.

Ìyá ní àtọ̀gbẹ. Nígbà tí oògùn oníhóró kò ká a mọ́, dókítà ní kí wọ́n máa gba abẹ́rẹ́ láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn ní Ọ̀yọ́ kọ́ mi bí a ṣe ń fa oògùn náà láti inú ìgò rẹ̀, bí a ṣe ń ka ìlà ara abẹ́rẹ́, àti ibi tí a ń gún níkùn. Ó sọ ohun kan fún mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: oògùn náà kò fẹ́ ooru. Bí ooru bá bà á jẹ́, àwọ̀ rẹ̀ lè má yí padà, òórùn rẹ̀ lè má yí padà, síbẹ̀ agbára rẹ̀ yóò ti lọ. Ọkọ mi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí òkè Ọya, ó sì lè lo ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó wálé. Nítorí náà, ọwọ́ mi ni oògùn náà wà.

Nígbà tí fíríìjì àtijọ́ bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, àbúrò ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ìbàdàn, ra tuntun ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Ó ní èyí kì í jẹ iná bíi ti àtijọ́. Ó ní ó gbọ́n: ó mọ ìgbà tí a bá ṣí i, ó mọ̀ bí yàrá bá gbóná, bí ẹnikẹ́ni kò bá sì nílò rẹ̀, yóò dín agbára ara rẹ̀ kù kí iná má baà ṣòfò. Bí iná bá lọ pàápàá, yóò di òtútù rẹ̀ mú fún wákàtí púpọ̀. Ó so ó mọ́ ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì kékeré kan kí òun lè máa rí i lórí fóònù láti Ìbàdàn, ó sì padà síbi iṣẹ́ rẹ̀.

Àwọn aládùúgbò wá wò ó. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà, tí ilé wọn fara kan tiwa, gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì mi orí.

"Kò gbóná. Fíríìjì tó ń ṣiṣẹ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ a máa gbóná. Kò dún, kò gbóná. Ìyàwó, kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n tà fún yín."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìyá nìkan ni kò rín. Wọ́n wo fíríìjì náà bí ènìyàn ṣe ń wo àlejò tí kò kí ará ilé.

Lọ́sẹ̀ kejì ni ọmọ wọn pè láti Ìbàdàn. Lẹ́yìn tí ó kí wọn tán, ó ní, "Màmá, ẹ ti ṣí fíríìjì ní ìgbà mẹ́fà láti àárọ̀. Ẹ jẹ́ kó sinmi díẹ̀."

Ìyá gbé fóònù sílẹ̀ lórí ẹní. "Ṣé ó ń rí mi ni?"

Mo ní kò rí wọn, ilẹ̀kùn nìkan ni ẹ̀rọ náà ń kà.

"Ẹni tó bá ń ka iye ìgbà tí mo ṣílẹ̀kùn nílé ara mi, kí ló kù tí kò tíì rí?"

Lọ́jọ́ náà ni wọ́n mú ìborùn àtijọ́ kan, wọ́n sì fi í bo iwájú àti ẹ̀gbẹ́ fíríìjì náà, títí kan ojú dígí kékeré tó máa ń tàn lára rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ń jáde lọ kí ẹnìkan, wọ́n á kọ́kọ́ na ọwọ́ sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á pa súwíìṣì rẹ̀ lára ògiri. Wọ́n ní ohun tí ó bá ti so mọ́ ògiri, bó ti wù kó dákẹ́ tó, ó ń fa iná. Bí wọ́n bá dé, wọ́n á tún un tàn. Ìgbà méjì ni wọ́n gbàgbé láti tàn án, ìgbà méjèèjì ni mo sì rí i kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo ṣe àṣìṣe, mo sọ fún ọmọ wọn. Ohun tí mo rò ni pé yóò bá wọn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ohun tí ó sọ ni pé ọpọlọ Màmá ti ń rẹ̀, kí wọ́n máa múra àtibá òun gbé ní Ìbàdàn.

Ìbàdàn ni Ìyá bẹ̀rù ju abẹ́rẹ́ lọ. Wọ́n ti lo oṣù kan níbẹ̀ rí, ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ wọ́n. Wọ́n ní, "Ilé tí mo kọ́ pẹ̀lú bàbá wọn ni màá kú sí. Kí wọ́n má fi fíríìjì lé mi jáde."

Èmi ni mo gbèjà fíríìjì náà. Mo kúrò nílé ìwé ní kíláàsì kẹrin nígbà èwe mi, iṣẹ́ aṣọ rírán ni mo kọ́, ṣùgbọ́n láti bí ọdún méjì sẹ́yìn mo ti ń lọ sí kíláàsì àgbà ní Ìlọràá, lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, láti agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ sí méje. Mo mú ìwé ìlò fíríìjì náà lọ síbẹ̀, tíṣà wa sì jẹ́ kí gbogbo kíláàsì bá mi kà á, ó ń túmọ̀ ibi tó bá ta kókó. Obìnrin kan láti Akinmọ̀ọ́rìn, tó ń dín gàrí, na ọwọ́ sókè.

"Tíṣà, bí ẹ̀rọ bá ti gbọ́n báyìí, ta ni ọ̀gá láàárín òun àti ẹni tó rà á?"

Mẹkáníìkì kan tó jókòó lẹ́yìn dá a lóhùn. "Ẹni tó ń ra káàdì iná ni ọ̀gá."

"Irọ́ lẹ pa, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó bá sún mọ́ súwíìṣì ni ọ̀gá."

"Ẹ̀yin onígàrí, ṣé ẹ ní ohun tí ẹ ń tàn nílé yàtọ̀ sí igi?"

"A ní gílóòbù. Ó ju iná orí mọ́tò yín tí kò mọ́lẹ̀ lọ."

Tíṣà ní kí a padà sójú ìwé. Ibẹ̀ ni a ti ka gbólóhùn kan tí ó wọ̀ mí lọ́kàn: pé òtútù inú ẹ̀rọ náà lè lọ sókè tàbí sódò díẹ̀ nígbà tí ó bá ń fi iná pamọ́, kí olùlò má ṣe bẹ̀rù. Mo há a sórí. Inú mi dùn pé mo lè ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀, pé bí ẹnikẹ́ni nílé bá bi mí léèrè, màá ní ìdáhùn.

Ọjọ́bọ̀ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, iná bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Gílóòbù pọ́n bí ẹyin iná, fáànù fẹ́ dúró, ó tún sáré. Ní àdúgbò wa, ẹnikẹ́ni kì í dúró wo irú iná bẹ́ẹ̀. Iná tó bá ń ṣẹ́jú fẹ́ lọ ni, bí ó bá sì padà, agbára tí yóò bá dé lè jó gbogbo ohun tó bá pàdé. Mo yí ilé po bí mo ṣe máa ń ṣe: mo pa tẹlifíṣọ̀n, mo yọ máṣíìnì ìránṣọ mi, mo pa fáànù. Mo na ọwọ́ sẹ́yìn ìborùn, mo pa fíríìjì gbẹ̀yìn. Ìyá ń sùn. Mo fẹ́ sọ fún wọn, ṣùgbọ́n ọlọ́kadà tó ń gbé mi lọ sí Ìlọràá ti ń fun fèrè níta, n kò sì fẹ́ jí wọn. Mo sọ nínú ara mi pé màá tàn án bí mo bá dé.

Nígbà tí mo dé, iná dúró ṣinṣin ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, fáànù Ìyá sì ń yí. Wọ́n ti jí, wọ́n ti tàn án fúnra wọn. Mo rí fáànù tó ń yí, ọkàn mi sì parí ọ̀rọ̀ fún mi pé gbogbo nǹkan ti padà sí ipò. Bí ó bá jẹ́ fíríìjì àtijọ́ ni, ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ì bá ti kọ lù mí lẹ́nu ọ̀nà. Èyí dákẹ́ bí ó ṣe máa ń dákẹ́.

Kí n tó yọ oògùn ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ti tún mú iná lọ; láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ pàápàá, kò sí iná. Iná kì í sábà sí lásìkò tí mo bá ń yọ oògùn, láàárọ̀ tàbí ní ìrọ̀lẹ́, nítorí náà òkùnkùn inú fíríìjì kò yà mí lẹ́nu. Ìgò náà ṣì tutù. Ní ìrọ̀lẹ́, òtútù rẹ̀ ti dín. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, mo di ìgò náà mú lọ́wọ́ mi fún ìgbà díẹ̀, n kò sì mọ̀ ọ́n bí ohun tó tutù mọ́. Mo dúró. Mo rántí gbólóhùn ojú ìwé. Mo ní ẹ̀rọ náà ń fi iná pamọ́ ni, ó mọ ohun tí ó ń ṣe, ó gbọ́n jù mí lọ. Mo fa oògùn, mo gún Ìyá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá mu omi títí jọ́ọ̀gì fi ṣófo. "Òǹgbẹ yìí kò fẹ́ tán, Ìyàwó." Mo ní ooru ni. Pépà tí a fi ń yẹ ṣúgà wò ti tán nílé, mo sì ti pinnu àtirà á lọ́jọ́ Ajé. Lóru, wọ́n jáde lọ tọ̀ ju bí mo ṣe lè kà lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n dìde láti ṣe àlùwàlá fún ìrun Alaásárì, orúnkún wọn sì kọ̀. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́tù omi àlùwàlá wọn, wọ́n ń wò mí bí ẹni pé ọ̀nà jíjìn ni mo wà. Mo pè wọ́n, wọ́n dáhùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ń wọ́. Mo sáré wọlé láti mú omi tútù. Fáànù ń yí lókè orí mi. Mo ṣí fíríìjì, òkùnkùn ni mo bá níbẹ̀, àti òórùn ẹja.

Iná wà nínú ilé. Òkùnkùn wà nínú fíríìjì. Mo fa ìborùn náà kúrò. Ojú dígí rẹ̀ kò tàn. Mo wo ẹ̀yìn, mo rí i pé a ti pa á lára ògiri, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni mo sì rántí ìka ara mi.

Mo tẹ̀ ẹ́. Kò dún. Iná inú rẹ̀ tàn, ojú dígí tàn, gbogbo rẹ̀ sì rí bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo kó ìgò oògùn sínú náílọ́ọ̀nù, mo ké pe bàbá tíṣà aládùúgbò wa.

Wọ́n gbé mọ́tò wọn jáde láìbéèrè ohunkóhun. Orí Ìyá wà lórí itan mi, èémí wọn ń yára. A kọjá Ìlọràá, bàbá náà sì ń wò wá nínú dígí mọ́tò. "Ẹ máa bá wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n má sùn." Mo ń bá wọn sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni mò ń sọ: "Ìyá, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé." Nínú ọkàn mi, mò ń ka abẹ́rẹ́ tí mo ti gún láti Ọjọ́bọ̀.

Ní ilé ìwòsàn ní Ọ̀yọ́, ṣúgà wọn ti ga débi pé nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ ẹ́ wò pe dókítà láìdúró. Wọ́n fi omi sí wọn lára, wọ́n fún wọn ní abẹ́rẹ́ láti inú oògùn ilé ìwòsàn. Nígbà tó di bí agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, Ìyá la ojú, wọ́n sì mọ ibi tí wọ́n wà. Nọ́ọ̀sì náà gbé ìwé rẹ̀, ó yí sí mi.

"Ibo lẹ ń tọ́jú oògùn yín sí?"

"Inú fíríìjì."

"Ṣé fíríìjì náà ń ṣiṣẹ́?"

Kí n tó dáhùn, fóònù mi dún. Àbúrò ọkọ mi ni. Mo ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i láti ọ̀nà. Ó ní kí n gbé ohùn fóònù jáde kí nọ́ọ̀sì lè gbọ́ òun.

"Mo ti wo ẹ̀rọ náà lórí fóònù mi. Láti ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni kò ti sí lórí iná, bí wákàtí méjì sẹ́yìn ló tó padà. Ó fi àmì ránṣẹ́, àmọ́ ìgbàkígbà tí wọ́n bá mú iná lọ ní Fìdítì ló ń fi àmì ránṣẹ́, mo ti pa ariwo rẹ̀ tipẹ́. Màmá ló pa á. Wọ́n ti ṣe é rí. Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ti ń gbàgbé nǹkan. Lọ́la ni màá wá gbé wọn lọ sí Ìbàdàn láti ibẹ̀ yẹn. Wọn ò ní padà sí Fìdítì mọ́."

Ìyá gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n wo òkè àjà. Ètè wọn gbẹ.

"Bóyá èmi ni," ni wọ́n wí, díẹ̀díẹ̀. "Mo máa ń pa á. N kò rántí pé mo pa á, ṣùgbọ́n ẹni tó gbàgbé, báwo ni yóò ṣe rántí?"

Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé.

N kò ní purọ́ pé ẹnu mi yá. Mo mọ ohun tí wọn yóò máa pè mí ní Fìdítì: ìyàwó tí ó fẹ́ fi abẹ́rẹ́ pa ìyakọ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọkọ mi yóò gbọ́ ọ lójú ọ̀nà, láti ẹnu ẹlòmíràn. Mo sì mọ̀ pé bí mo bá dákẹ́ bí fíríìjì yẹn, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ láé, nítorí pé ẹ̀rọ tó ka iye ìgbà tí a ṣílẹ̀kùn kò lè ka ìka tó wà lára ògiri. Ìyá pàápàá ti gbà pé àwọn ni. Mo wo ọwọ́ nọ́ọ̀sì tó ń rìn lórí ìwé, mo lè ka díẹ̀ nínú ohun tó ń kọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró," mo wí. "Èmi ni mo pa á."

"Kí lẹ sọ?" ni àbúrò ọkọ mi bi mí.

"Èmi ni. Lọ́jọ́bọ̀, agogo mẹ́rin. Iná ń ṣẹ́jú, mo sì pa gbogbo nǹkan. Ìyá ń sùn. N kò tàn án padà. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé mo mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ pé oògùn ti lọ́wọ́ọ́wọ́, mo sì gún wọn bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀yin tí ẹ kàwé rẹ̀?"

"Èmi tí mo kàwé rẹ̀."

Ìlà já, tàbí òun ló já a. Nọ́ọ̀sì gba náílọ́ọ̀nù oògùn lọ́wọ́ mi, ó gbé ìgò kan sí ìmọ́lẹ̀. Ó ní òun kò lè búra pé ooru ti bà á jẹ́, òun kò sì lè búra pé ó dára, nítorí náà yóò di dídànù. Ó fa ìlà sórí ohun tó ti kọ, ó tún un kọ. Ìyá yí ojú wọn sí ògiri.

Ọjọ́ mẹ́rin ni a lò níbẹ̀. Mo wẹ̀ fún wọn, mo fún wọn lóúnjẹ, wọ́n ń dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" àti "rárá," kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àbúrò ọkọ mi wá lọ́jọ́ Ajé. Kò kí mi bí ó ṣe máa ń kí mi. Ó bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó pẹ́, mo sì gbọ́ ohùn Ìyá láti ẹnu ọ̀nà, ó le ju bí ara wọn ṣe le lọ: "Ìyàwó ti sọ fún ọ pé kì í ṣe èmi. Kí ni o tún fẹ́ fi gbé mi lọ?" Òun nìkan ló padà sí Ìbàdàn.

Ní ọjọ́ tí wọ́n máa dá wa sílẹ̀, Ìyá pe nọ́ọ̀sì. Wọ́n ní kí ó kọ́ àwọn bí àwọn yóò ṣe máa gún abẹ́rẹ́ náà fúnra àwọn. Nọ́ọ̀sì wò mí. Mo wo ilẹ̀. Ó kọ́ wọn.

A kò ta fíríìjì náà. Bàbá tíṣà mú oníṣẹ́ iná wá, ó sì so gílóòbù pupa kékeré kan mọ́ súwíìṣì kan náà, lókè, níbi tí ìborùn kò lè dé. Bí a bá tan fíríìjì, gílóòbù á tàn. Bí a bá pa á, gílóòbù á kú. Nígbà tí àbúrò ọkọ mi gbọ́, ó ní a ti wá ń fi gílóòbù jẹ iná tí ẹ̀rọ náà ń fi pamọ́. Bàbá tíṣà ní, "Ẹ sọ fún un pé kọ́bọ́ọ̀dù wa ti ní ojú." Mo sọ fún un. Kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó kí mi kí ó tó gbé fóònù sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí a padà délé, Ìyá jókòó lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n ká bùbá wọn sókè, abẹ́rẹ́ wà ní ọwọ́ ọ̀tún wọn. Wọ́n ti fa oògùn sínú rẹ̀, wọ́n gbé e sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n sún un jìnnà, wọ́n sún un mọ́ra. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, n kò wọlé.

Wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n rí mi.

"Ojú mi kò ká ìlà yìí. Wá wò ó."

Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọn kò fún mi ní abẹ́rẹ́ náà, wọ́n kàn yí i sí ọ̀dọ̀ mi. Mo kà á láti ìsàlẹ̀, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn.

"Méjìdínlógún ni, Ìyá."

"Méjìdínlógún ni wọ́n ní?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní."

Wọ́n wo ojú mi, kì í ṣe abẹ́rẹ́. Wọ́n wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n fún awọ ikùn wọn mú, wọ́n sì gún un.